Àìlọ sí Ṣọ́ọ̀ṣì ní Òkìtìpupa àti ní London

Lílọ sí ṣọ́ọ̀ṣì pín sí oríṣi méjì láàárín àwọn Kìrìsìtẹ́nì: èyí tí ènìyàn ń lọ nítorí Ọlọ́run, àti èyí tó ń lọ nítorí ẹnu ará àdúgbò. Ní Òkìtìpupa àti àwọn ìlú Ìkálẹ̀ yòókù, aṣọ ẹgbẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń wọ̀, bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n sì ń jókòó lé. Ìgbà tí ọmọ Ìkálẹ̀ bá dé London, níbi tí aládùúgbò kò ti mọ orúkọ rẹ̀, ni èkíní máa ń yà kúrò lára èkejì.

Ìwé Mímọ́ gbè sẹ́yìn apá méjèèjì. Ẹni tó fẹ́ kí gbogbo ayé wá á tọ́ka sí Hébérù orí 10, tó kìlọ̀ pé kí onígbàgbọ́ má ṣe kọ ìpéjọpọ̀ sílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ sùn di ọ̀sán á ṣí Mátíù orí 6, níbi tí Jésù ti ní kí aládùúrà wọ iyàrá lọ, kó sì ti ilẹ̀kùn. Kò ṣáà sọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ibùsùn jáde. Àwọn ìjọ pàápàá kò fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tó jẹ́ dandan. Òfin ìjọ Kátólíìkì ti 1983 sọ pé Máàsì ọjọ́ Ìsinmi jẹ́ dandan. Ìjọ Salvation Army, tó wọ Nàìjíríà ní 1920, kì í ṣe ìrìbọmi, kì í sì í jẹ oúnjẹ alẹ́ Olúwa, síbẹ̀ kò sí ẹni tó ń pè wọ́n ní kèfèrí.

Ní Òkìtìpupa, àìwá kì í ṣe ọ̀rọ̀ láàárín ènìyàn àti Ẹlẹ́dàá rẹ̀ nìkan. Bí màmá kan bá pa ọjọ́ Ìsinmi kan jẹ, ẹgbẹ́ á ránṣẹ́ béèrè àlàáfíà rẹ̀. Bó bá di ẹ̀ẹ̀mẹta, ìbéèrè á di ẹjọ́. Òkú ló fa èyí. Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ, bí ènìyàn bá kú, káàdì ìjọ rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ béèrè, owó gbogbo oṣù tí olóògbé kò san ni àwọn ọmọ á sì san kí agogo tó lù. Bàbá tó ti ń sá fún ìwàásù láti ìgbà èwe á wá wọ ṣọ́ọ̀ṣì wẹ́rẹ́, lórí èjìká àwọn ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, ìdílé á wọ aṣọ ẹbí wá dúpẹ́, pupuru àti ọbẹ̀ marúgbó á sì máa dúró de àlejò nílé.

Ṣọ́ọ̀ṣì kún lóòótọ́, ṣùgbọ́n èrò púpọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí ìgbàgbọ́. Bí nǹkan bá sọnù, ẹlòmíràn lè fi Bíbélì búra láìṣẹ́jú, àmọ́ bí wọ́n bá dárúkọ Ayélála, òrìṣà ìbúra tí Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ ń bẹ̀rù, ohun tó sọnù á yára yọjú.

Ní òkè òkun, àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ti fi agídí kó èrò jọ rí. Òfin 1559 bu ìtanràn pẹ́ńsì 12 lé ẹni tí kò bá wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Òfin náà ti di ìtàn, èrò sì ti fọ́n ká. Nínú ètò ìkànìyàn 2011, ìdá 59.3 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará England àti Wales ló pe ara wọn ní Kìrìsìtẹ́nì; ní 2021, ó ti wálẹ̀ sí 46.2. Àwọn ọmọ ẹni tí òyìnbó wàásù fún ló ń dí àlàfo náà: ní 2013, àwọn olùwádìí Yunifásítì Roehampton ka 240 ìjọ tuntun àwọn aláwọ̀ dúdú ní Southwark nìkan, ní London.

Gbọ̀ngàn tí wọ́n ń háyà ní wákàtí-wákàtí ni ọ̀pọ̀ irú ìjọ bẹ́ẹ̀ ń lò. Ẹ̀mí tó ń bà lé wòlíì títí di ìrọ̀lẹ́ ní Òkìtìpupa máa ń wo aago ní Peckham, ní Southwark, torí ẹni tó háyà tẹ̀ lé e ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Èéfín tùràrí lè mú kí agogo pánápaná ké. Alàgbà Kérúbù tí kì í fi bàtà tẹ ilé àdúrà á wọ bàtà onírun títí dé ẹnu ilẹ̀kùn, nítorí òtútù kò mọ àṣọtẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó sá fún ṣọ́ọ̀ṣì nílé lè má pa ọjọ́ kan jẹ ní London: ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ti ń gbọ́ nípa iṣẹ́ àti yàrá, ibẹ̀ ló ti ń rí ẹni bá a mú ọmọ dání, tó sì ń gbọ́ èdè rẹ̀.

Ní 2020, àrùn Kòrónà ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì nílé àti lókè òkun. Wọ́n ń tẹ àmín lórí fóònù, ọrẹ sì ń gba báǹkì kọjá. Ìgbàgbọ́ kò kú, ṣùgbọ́n ẹni tó ń dá gbé rí i pé fóònù kì í gbé ọbẹ̀ wá fún aláìsàn.

Jésù sọ fún obìnrin ará Samáríà pé ìjọsìn tòótọ́ kò so mọ́ òkè kan tàbí Jerúsálẹ́mù. Kò lè wá so mọ́ Òkìtìpupa tàbí Peckham. Ẹni tí kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di kèfèrí, ẹni tó ń lọ kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ di ẹni mímọ́. Àmọ́ ènìyàn nílò ẹni tí yóò béèrè rẹ̀ bí a kò bá rí i. Kí ìjọ tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ẹnìkan kò fi wá lọ kí i nílé, kó sì fi káàdì owó sílẹ̀ ní ọ́fíìsì kó tó lọ.