Ìlù Àdúnjù ní Airport Road

Ìlù tó bá dún àdúnjù, yíya ló ń ya. Àwọn baba wa kò mọ amplifier nígbà tí wọ́n ń pa òwe yìí, ṣùgbọ́n ẹ dé Airport Road ní Sábó, Kánò, nírọ̀lẹ́ Sátidé. Ilé ọtí kan ń gbé fújì, èkejì fi highlife àwọn Ígbò dá a lóhùn, kò sì sí ọ̀gá tó fẹ́ kí ti aládùúgbò borí tòun. Bọ́tìnì ti dé òpin, ọwọ́ ṣì ń wá ibi tí yóò yí i sí.

Tó bá di ọjọ́ kejì tí sípíkà dákẹ́, ẹjọ́ dé. "DJ yẹn ló gbé orin tí ohùn rẹ̀ há sí i!" Àwọn mìíràn ní ayédèrú ni wọ́n tà fún àwọn. Àwọn kan tilẹ̀ ń fura sí ọlọ́tí òdìkejì.

Ẹ fi DJ sílẹ̀ o. Ní 1964, Dave Davies, onígìtá ẹgbẹ́ olórin Kinks ní Lọ́ńdọ̀nù, fi abẹ ya bébà sípíkà tirẹ̀ kí ohùn gìtá rẹ̀ lè há. Àwo tó gbé ohùn híhá yẹn jáde tà káàkiri ayé. Ẹni tó bá gbé e níwọ̀nba, sípíkà rẹ̀ kò ní ṣe nǹkan kan.

Ooru ló sábà máa ń pa sípíkà. Díẹ̀ bíńtín nínú iná tó wọ inú rẹ̀ ló ń di ohùn. Ìyókù ń gbóná mọ́ wáyà tín-ín-rín tó wé sẹ́yìn bébà. Amplifier wátì 100 tí a bá fipá mú kọjá agbára rẹ̀, orí ìgbì ohùn rẹ̀ á gé pẹrẹsẹ, ohun tó ń tì jáde sì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wátì 200. Gígé yẹn tún ń da ohùn òkè rẹpẹtẹ lé tweeter lórí, sípíkà kékeré tó ń gbé ohùn òkè, tí a kò ṣe fún ìyà. Ẹ tú u wò: wáyà rẹ̀ á ti dúdú, á máa rùn bí ẹ̀wà tó jóná.

Òwe dá awọ ìlù lẹ́jọ́. Ní Airport Road, apá onílù, ìyẹn amplifier, ló yẹ ká yẹ̀ wò. Amplifier tí agbára rẹ̀ kò tó ló ń pariwo àpàpàǹdodo. Atúnrédíò-ṣe á sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá, ọ̀gá á dúpẹ́, á sì lọ ra sípíkà tuntun: àpótí tí ọmọdé lè gbé, tí wọ́n kọ wátì 5,000 sí lára!

Ẹ̀yin ọ̀gá, iná pupa tí wọ́n kọ "clip" sí lára amplifier yín kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Tó bá ti ń ṣẹ́jú léraléra, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí bọ́tìnì wálẹ̀.