Ìyá Délé Ń Lọ sí Lọ́ńdọ̀nù

ÌYÁ DÉLÉ: Tíṣà, físà ti jáde! Délé ní kí n máa bọ̀ ní Peckham wá wo ọmọ ọmọ mi.

TÍṢÀ: Ẹ kú oríire, ìyá wa. Ẹ ó lọ re, ẹ ó bọ̀ re. Oṣù wo ni?

ÌYÁ DÉLÉ: Oṣù Kejìlá, ká lè jọ ṣọdún.

TÍṢÀ: Ẹ bá Délé tún un sọ. Nínú Oṣù Kejìlá, kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, oòrùn ti wọ̀ lọ́hùn-ún. Délé á wà níbi iṣẹ́, òtútù á sé yín mọ́lé. Nínú Oṣù Kẹfà, aago mẹ́sàn-án alẹ́, ilẹ̀ ṣì mọ́. Ìgbà tí ẹ ó lè rìn jáde ni kí ẹ lọ.

ÌYÁ DÉLÉ: Ìrìn kẹ̀? Inú ilé ni n ó jókòó sí, kí n má baà sọ nù.

TÍṢÀ: Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Ìyá tó ń ná ọjà láti Ìsánlú títí dé Lọ́kọ́jà, kó wá jókòó ti fèrèsé fún odindi oṣù kan! Ẹ ṣáà mọ bọ́ọ̀sì wọ̀, ẹnikẹ́ni ò ní mú yín dè.

ÌYÁ DÉLÉ: Ẹ kọ́kọ́ sọ ti ẹrù. Mo ti ní kí wọ́n bá mi yan ẹran ìgbẹ́, mo sì fẹ́ ra wàrà.

TÍṢÀ: Ẹ fi méjèèjì sílẹ̀. Òfin wọn kò gba ẹran àti wàrà láti ọ̀dọ̀ wa, wọn á gbà á lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀. Ẹja gbígbẹ lẹ lè gbé, kó má ṣáà ju 20 kílò lọ. Ẹ má gbé iṣu, ó kún Rye Lane ní Peckham. Oògùn yín, inú páálí rẹ̀ ni kó wà, pẹ̀lú ìwé dókítà, nínú báàgì ọwọ́. Ẹ sì lọ sun Abuja mọ́jú ọjọ́ tí ẹ ó wọ bàálù. Títì oníkọnkéré tó lọ sí Obájànà tẹ́jú, ṣùgbọ́n ta ló mọ ohun tí títì Lọ́kọ́jà sí Abuja fi síkùn?

ÌYÁ DÉLÉ: Ó dáa, bọ́ọ̀sì wá ńkọ́?

TÍṢÀ: Láti 2014 ni awakọ̀ bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù kò ti gbowó lọ́wọ́ èrò mọ́. Káàdì ni. Kí Délé ra Oyster fún yín, kó kówó sí i. Bí bọ́ọ̀sì bá ń bọ̀, ẹ nawọ́ sí i. Ẹnu ọ̀nà iwájú ni kí ẹ gbà wọlé, ẹ fi káàdì kan ojú ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Ó dún píìn, ó parí. Ohùn kan á máa dárúkọ ibùdókọ̀ níkọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ti gbọ́ tiyín, ẹ tẹ bọ́tìnnì ara òpó, yóò dúró.

ÌYÁ DÉLÉ: Bí mo bá wọ èyí tí kì í ṣe tèmi ńkọ́?

TÍṢÀ: Ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ wọ òmíràn padà. Láàárín wákàtí kan sí ìgbà tí ẹ kọ́kọ́ fi káàdì kan ẹ̀rọ, iye bọ́ọ̀sì tó bá wù yín lẹ lè wọ̀, owó ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń gbà. Ti réèlì yàtọ̀. Ẹ ó fi káàdì kàn án bí ẹ ti ń wọlé, ẹ ó tún fi kàn án bí ẹ ti ń jáde, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn á yọ owó gọbọi. Ọwọ́ òsì ni mọ́tò wọn sì ń gbà. Apá ọ̀tún ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó sọdá títì. Mo bẹ̀ yín, ìyá, ẹ má gbàgbé èyí.

ÌYÁ DÉLÉ: Mi ò ní gbàgbé. Ibo ni mo wá ń gbé bọ́ọ̀sì lọ gan-an?

TÍṢÀ: British Museum, ilé tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ sí. Wọn kì í gbowó ìwọlé. Ọ̀kan nínú àwọn orí idẹ tí wọ́n hú ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1938 wà níbẹ̀. Ilé ló yẹ kó wà, lójú tèmi. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tó ṣì wà lọ́hùn-ún, kí ojú ọmọ Yorùbá máa rí i. Ẹ wọ 12 ní Peckham, ẹ sọ̀kalẹ̀ ní Camberwell, ẹ wọ 68 dé Holborn.

ÌYÁ DÉLÉ: Owó ẹ̀ẹ̀kan náà?

TÍṢÀ: Owó ẹ̀ẹ̀kan. Ní Holborn, ẹ bi ẹnikẹ́ni, kò jìnnà mọ́.

ÌYÁ DÉLÉ: 12, Camberwell, 68. Ẹ gba bírò, ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé àdírẹ́sì Délé yìí. Màá pè é nírọ̀lẹ́, ká sún un sí Oṣù Kẹfà.