Wọ́n Gbé Ọlọ́jà Sórí Àtẹ

Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Àwọn tó pa òwe yìí rí ọjà níwájú kí wọ́n tó lanu. Ẹlẹ́kọ ń pe ẹ̀kọ, alágbàdo ń pe àgbàdo. Kò sí èyí tó kọ́kọ́ ń ròyìn ìyà tó jẹ kó tó gbé igbá rù. Àwọn olùdásílẹ̀ iléeṣẹ́ òde òní ti sọ ọjà kalẹ̀, àwọn fúnra wọn ló gorí àtẹ.

Ẹ dé Òṣòdì kẹ́ ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń polówó. Fáṣọlá, gómìnà Èkó nígbà náà, tú ibẹ̀ ká ní 2009, ibùdókọ̀ ńlá tuntun ṣí ní 2019, síbẹ̀ igbe kọ̀ńdọ́ ò yí padà: "Mile 2! Mile 2! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" Ibi tọ́kọ̀ ń lọ, owó tó yẹ kó wà lọ́wọ́ ẹ, ó parí. Mi ò tíì gbọ́ kọ̀ńdọ́ tó ń pariwo orúkọ ẹni tó ni dáńfó.

Àwọn olówó àtijọ́ náà fẹ́ràn òkìkí o. Ebenezer Obey kì wọ́n, Sunny Ade kì wọ́n, wọ́n sì ń lẹ náírà mọ́ olórin níwájú orí. Ṣùgbọ́n ẹnu ẹlòmíràn ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ. Olóògbé Fatai Yusuf, oníṣègùn ìbílẹ̀, polówó egbòogi rẹ̀ lórí rédíò títí tó fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n yìnbọn pa á ní oṣù kìíní ọdún 2020, "Ọkọ Olóyún" tó fi ń ṣòwò ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi dá a mọ̀. Ọjà gbé orúkọ ọlọ́jà mì.

Tòde òní ní ìlànà. Ọ̀gá ti sanwó fún ẹni tó ń kọ́ni bí a ṣe ń di ìlúmọ̀ọ́ká, ẹni tí kò ta nǹkan mìíràn rí ju ẹ̀kọ́ yẹn lọ. Wọ́n pín ọ̀sẹ̀ fún un: Ọjọ́ Ajé, ìtàn ìyà tó jẹ, Ọjọ́rú, ẹ̀kọ́ márùn-ún tí ìyà náà kọ́ ọ, Ọjọ́ Ẹtì, fọ́tò tó ti fọwọ́ lẹ́rán, tó ń wòkè. Tí ìyà bá wá tán ńkọ́? Sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ há a mọ́ ibùdókọ̀ Cele lọ́jọ́ kan, ó di ẹ̀kọ́ sùúrù fún aṣáájú. Ẹni tó pe ìpolówó ní àgúnmu sì mọ̀ pé a kì í fi àgúnmu yó.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tí ọjà Aswani máa ń kún àkúnya ní Ìsọlọ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá yìí gbé fóònù lé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta níwájú ìsọ̀ bàtà rẹ̀. Ó tún kọ́là ṣe, ó ń sọ ìran tó rí kó tó dá iléeṣẹ́ sílẹ̀. Ìyá olókìríkà tí ìsọ̀ wọn bá tirẹ̀ pààlà ń pàtẹ́wọ́: "Ẹ ṣà á! Ẹgbẹ̀rún kan, ẹ ṣà á!" Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n rọra, ohùn wọn ń wọnú fídíò òun. Ìyá wo fóònù, wọ́n wo bàtà tí eruku ti bò, wọ́n pòṣé, wọ́n tún gbóhùn sókè.

Obìnrin kan yà, ó mú bàtà pupa kan, ó yí i, ó tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò. "Bọ̀dá, èló lèyí?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín sí fóònù. "Ẹ wá sí DM mi, mà. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ follow mi."