Ta Ló Gba Epo Sílẹ̀ Lájà?

Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ilé tí àjà rẹ̀ kò ga ni àwọn tó pa òwe yìí ń wò, níbi tí ẹni tó gòkè àti ẹni tó dúró nísàlẹ̀ ti ń fojú rí ara wọn. Kí onílé tó dé, ọwọ́ ẹni ìsàlẹ̀ á ti pọ́n fòò, kò sì ní rí ibi fi pa mọ́. Wọn ò rí ilé-iṣẹ́ ńlá ayé òde òní. Ẹni ìsàlẹ̀ ti ìgbà tiwa wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, Houston ló jókòó sí, Bonny sì ni àjà wà. Ó bí ọmọ kan sí ìlú òyìnbó mìíràn, ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà ní erékùṣù, ọmọ-ọmọ yìí ló wá háyà ẹni tó máa gun àjà. Bí epo bá dà sílẹ̀, baba á ní: "Ọmọ wo?"

Ẹ má pè é ní àsọdùn. Ilé-iṣẹ́ mẹ́rin ló para pọ̀ tí wọ́n ń pè ní TSKJ: Technip ti ilẹ̀ Faransé, Snamprogetti ti Ítálì, Kellogg ti Amẹ́ríkà, èyí tó padà di KBR lábẹ́ Halliburton, àti JGC ti Japan. Wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́ ibi tí wọ́n ti ń sọ gáàsì di olómi ní Bonny. Wọ́n sì gbà á, ẹ̀ẹ̀mẹrin, láàárín ọdún 1995 sí 2004, iṣẹ́ tí owó rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù 6 dọ́là. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 132 dọ́là ni wọ́n san fún Jeffrey Tesler, lọ́yà kan tó ní ọ́fíìsì ní Tottenham, àdúgbò London tí èèyàn ti lè kí ènìyàn "ẹ kú àárọ̀" kó sì gbọ́ ìdáhùn. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 51 tún bọ́ sọ́wọ́ Marubeni ti Japan. Lórí ìwé, owó ìmọ̀ràn ni. Nínú ọ̀rọ̀, owó tó máa dé ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ Nàìjíríà ni.

Wọ́n tilẹ̀ dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti máa jíròrò bí owó yìí yóò ṣe dé ibi tó ń lọ. Ìgbìmọ̀ Àṣà ni wọ́n sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Àwa tí a ní eégún, tí a ní ìjálá, tí a ní ẹkún ìyàwó, tí àwọn ará Bonny náà ní tiwọn, àṣà kan ṣoṣo tí àwọn àlejò yìí rí lára wa ni ẹ̀gúnjẹ.

Ọgbọ́n tí Kellogg dá ló wù mí jù. Láti ọdún 1977 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ pé ọmọ ilẹ̀ náà kò gbọdọ̀ fún òṣìṣẹ́ ìjọba ilẹ̀ òkèèrè ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, wọ́n forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Madeira, erékùṣù Portugal, kí ó máa bá àwọn alárinà tọwọ́ bọ̀wé. Ìpín Kellogg nínú rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ Kellogg fúnra rẹ̀, M.W. Kellogg Limited ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló dì í mú, èyí tí baba wá ní ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Wọ́n sì rí i dájú pé ọmọ Amẹ́ríkà kankan kò jókòó láàárín àwọn alákòóso ti Madeira yẹn. Ẹni tó rò pé iṣẹ́ rere lòun ń ṣe kì í wá ibi ìsápamọ́ tó báyìí.

Ṣùgbọ́n owó kò mọ ìwé-àṣẹ. Mílíọ̀nù kan dọ́là, ọlọ́gọ́rùn-ún ọlọ́gọ́rùn-ún, wọ inú báàgì dé hòtẹ́ẹ̀lì ní Abuja. Náírà pọ̀ ju ohun tí báàgì lè gbà lọ, mọ́tò ni wọ́n fi kó o. Àti owó tó ń ti Amsterdam lọ sí Switzerland àti Monaco, dọ́là ni, dọ́là kì í sì í rìnrìn àjò kó má ya báńkì ní New York. Ibẹ̀ ni òfin ti rí ìrù rẹ̀ dì mú.

KBR àti Halliburton san mílíọ̀nù 579 dọ́là lọ́dún 2009. Àwọn mẹ́ta yòókù àti Marubeni tẹ̀ lé wọn, gbogbo rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù 1.5. Albert Stanley, ọ̀gá KBR tẹ́lẹ̀, gba ẹ̀wọ̀n oṣù 30. Tesler gba oṣù 21. Ẹnì kẹta tí òwe wa kò dárúkọ wá fara hàn wàyí, ìyẹn ẹni tó mú olè méjèèjì tó sì gbé kèrègbè epo lọ sí ilé tirẹ̀. Àpò ìjọba Amẹ́ríkà ni owó ìtanràn náà wọ̀. Ní tiwa, EFCC pe Dick Cheney, ọ̀gá Halliburton nígbà kan, lẹ́jọ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 2010. Kí oṣù náà tó parí, ẹjọ́ ti tú: mílíọ̀nù 32.5 dọ́là fún Nàìjíríà, mílíọ̀nù 2.5 lé e fún owó lọ́yà. Ẹ jẹ́ ká yìn wọ́n, wọn ò gbàgbé lọ́yà.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tún pa kún un. Ní oṣù Kejì ọdún 2011, M.W. Kellogg san mílíọ̀nù 7 pọ́ùn, èrè tó jẹ lára iṣẹ́ náà. SFO, àwọn tó ń rí sí jìbìtì ńlá níbẹ̀, sọ pé ọmọ yìí kò bá wọn lọ́wọ́ sí i, baba ló lò ó. Kò pẹ́, òfin wọn tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Keje: bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ọ bá fún èèyàn ní rìbá nítorí tìrẹ, ìwọ ilé-iṣẹ́ lo jẹ̀bi, àfi tí o bá fi hàn pé o ti ṣètò tó péye láti dènà rẹ̀. Ìwé ìlànà ìwà rere wá pọ̀ lọ súà. Òṣìṣẹ́ á jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, á tẹ "mo ti kà á, mo gbà," kò kà á o, ilé-iṣẹ́ á sì tọ́jú títẹ̀ náà de ọjọ́ ẹjọ́.

Ní oṣù Kejì ọdún 2025, Ààrẹ Trump pàṣẹ pé kí wọ́n dá ẹjọ́ tuntun lábẹ́ òfin 1977 dúró fún ọjọ́ 180, nítorí lójú tirẹ̀, ó ń pa àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà lára níbi tí wọ́n ti ń bá ẹlòmíràn du iṣẹ́. Nígbà tó di oṣù Kẹfà, ìlànà tuntun jáde. Ẹjọ́ lè máa lọ, ṣùgbọ́n lára ohun tí àwọn agbẹjọ́rò ìjọba gbọ́dọ̀ wò ni bóyá àbẹ̀tẹ́lẹ̀ náà gba iṣẹ́ mọ́ ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó ṣeé dárúkọ lọ́wọ́. Bí Technip bá fi rìbá gba iṣẹ́ mọ́ Kellogg lọ́wọ́, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá nìyẹn. Bí Kellogg àti Technip bá wá jọ jókòó nínú Ìgbìmọ̀ Àṣà kan náà ńkọ́?