Òkòtó Inú Àpò Ṣòkòtò

Àbúrò mi kan ní Lẹ́kí ra òkòtó fún ọmọ rẹ̀. Òun kò pè é bẹ́ẹ̀ o. Beyblade ló pè é: ike àti irin ni, ó ní okùn tí wọ́n ń fà kó tó yí, ó sì ní àwo tí yóò ti máa jà. Òkè òkun ni wọ́n ti fi ránṣẹ́. Owó tó kó lé e lórí, ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú ìbá fi ra ìgbín jẹ tí ọdún á fi yípo, kí ìkarahun tí wọn yóò fi ṣe òkòtó sì ṣẹ́kù fún gbogbo ọmọ àdúgbò. Ọ̀gá òkòtó sì ni àbúrò mi yìí fúnra rẹ̀ nígbà èwe. Ẹ̀yìn ọwọ́ mi tó máa ń fi òkòtó gbá kò tíì gbàgbé. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ọmọ yìí lè gbé fóònù sílẹ̀ ni."

Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Ẹni tí wọ́n pa òwe yìí mọ́ láyé àtijọ́ tiẹ̀ sàn. Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, ó rí ìlú, bóyá ó tilẹ̀ ra awọ bọ̀. Àwa jókòó sórí àga, à ń wá tiwa lọ sí Jàpáànì.

Àwọn ará Jàpáànì ní tiwọn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Àwọn náà ní òkòtó látijọ́, beigoma ni wọ́n ń pè é: ìkarahun inú òkun tí wọ́n rọ yanrìn sí, tí wọ́n fi ìda dí lẹ́nu. Nígbà tó yá, wọ́n fi irin rọ ọ́. Nígbà tó di 1999, ilé-iṣẹ́ Takara fi ike àti irin tún un dá, wọ́n fún un lórúkọ tuntun, wọ́n sì tà á fún gbogbo ayé. Àpò ara wọn ni wọ́n tọwọ́ bọ̀. Àwa tí ìdí ìkarahun ìgbín ń ṣòfò lórí ààtàn wa, tí ọmọ kàn ní láti ha ẹnu rẹ̀ lórí òkúta kó dán, kó fi ìka ta á kó máa pòòyì, àwa là ń sanwó ọkọ̀ òfurufú fún un.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn jù. Ọmọ tú páálí, ó yí nǹkan náà lẹ́ẹ̀mejì, ó padà sídìí fóònù. Kí ló ń wò? Ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń yí nǹkan yẹn kan náà! Bàbá ń ra dátà kí ọmọ rẹ̀ lè máa wo ọmọ ọlọ́mọ níbi tó ti ń ṣeré. Iṣẹ́ gidi sì ni lọ́hùn-ún: ní 2018, ìwé ìròyìn Forbes ṣírò rẹ̀ pé ọmọ ọdún méje kan ní Amẹ́ríkà pa mílíọ̀nù 22 dọ́là lọ́dún kan, nípa ohun ìṣeré tó ń tú tó sì ń fi ṣeré lórí YouTube. Ọmọ ọdún méje tiwọn ń gbowó. Tiwa ń san án.

Kì í ṣe ọmọ ni mo ń bá wí. Àwa la rán ẹnu àpò náà pa. Ibo ló ti fẹ́ gbẹ́ ihò ayò méjìlá nígbà tí a ti fi kọnkéré bo gbogbo àgbàlá? Ọmọ ayò 48 péré, mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, ì bá ti kọ́ ọ ní àròpọ̀ àti àyọkúrò. Ṣùgbọ́n erùpẹ̀ lẹ́gbin, ó sàn ká háyà olùkọ́ ìṣirò. Ó fẹ́ fi agolo wàrà ṣe mọ́tò, kó gé sílípáàsì tó ti já fi ṣe táyà? Ìyá á pariwo pé agolo á gé e lọ́wọ́. Bojúbojú ńkọ́? Ta ni yóò bá ṣe é, nígbà tí ògiri ga tó yìí, tí géètì sì wà ní títì? A gba gbogbo rẹ̀ tán, a gbé fóònù lé e lọ́wọ́ kó má baà yọ wá lẹ́nu nídìí fóònù tiwa, a wá ń sọ kiri òde àríyá pé ọmọ ìsinsìnyí kò mọ eré ṣe.

Irọ́ gbáà! Ẹ mú ọmọ yẹn lọ sábúlé lọ́sẹ̀ kan, kí fóònù má ríná. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, á ti máa fi igi lé rìímù kẹ̀kẹ́ kiri, orúnkún rẹ̀ á ti bó, á sì ti lọ́rẹ̀ẹ́ mẹ́fà. Bàbá tó mú un lọ ni kò ní rí oorun sùn. Òun ni yóò máa gbé fóònù sókè nídìí igi mángòrò, tí á máa wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì kiri, kó lè fi fídíò ránṣẹ́ sáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ọmọ òun ti gbé fóònù sílẹ̀.