Kábíyèsí Inú Gíláàsì

Mo júbà àgbà, mo júbà ọmọdé, mo júbà ìyá mi tó ní kí n má fi ẹnu tú ẹbí ká. Ẹ jẹ́ kí ìbà náà gbà mí lónìí, nítorí bọ̀ọ̀dá wa tó wà ní Peckham, ní London, ni mo fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ bá mi kí wọn kú oríire. Wọ́n ti ra ọ̀pọ̀lọ́.

Ẹ má rò pé kọ̀ǹkọ̀ gbígbẹ tí àwọn kan fi ń se ọbẹ̀ ni mo ń wí o. Ìyẹn ìbá ní láárí. Ọ̀pọ̀lọ́ orí igi ni, ààyè, aláwọ̀ ewé, tó lẹ̀ mọ́ ara gíláàsì, tó ń wo olówó rẹ̀ láì dá a lóhùn. Nílé wa níbí, bí ọ̀pọ̀lọ́ bá ṣì ilé yà, ìgbálẹ̀ la fi ń sìn ín sọ́nà. Bọ̀ọ̀dá wa sanwó pọ́n-ùn, wọ́n gba rìsíìtì, wọ́n bọ́ kóòtù ọrùn wọn bo ike rẹ̀ kí atẹ́gùn má baà fẹ́ ẹ, wọ́n gbé e wọ bọ́ọ̀sì.

Ọmọ ni wọ́n ń fi bojú. "Júníọ̀ ló ní òun fẹ́." Ó dáa, mo gbà. Ṣùgbọ́n òfin ìtọ́jú ẹranko tí wọ́n ṣe fún England àti Wales ní 2006 ti mọ irú wọn tẹ́lẹ̀: kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti ta ẹranko fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16. Àwọn tó ṣe òfin yẹn ti bímọ rí. Wọ́n mọ̀ pé ọmọ ló ń fẹ́, bàbá ló ń tọ́jú. Irú ọ̀pọ̀lọ́ yìí sì máa ń lo tó ọdún 15 lọ́wọ́ ẹni tó bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa, àwọn mìíràn kọjá 20. Júníọ̀ jẹ́ ọmọ ọdún 11. Yóò jáde ìwé, yóò wọ yunifásítì, yóò mú àfẹ́sọ́nà wálé, àfẹ́sọ́nà yóò sì bá bọ̀ọ̀dá wa nídìí àwo omi ọ̀pọ̀lọ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ ìgbẹ́ kúrò.

White's tree frog lorúkọ tí wọ́n ń pè é lọ́jà. John White, oníṣẹ́ abẹ tó bá àwọn ọkọ̀ òkun tó kọ́kọ́ kó ẹlẹ́wọ̀n Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Australia, ló gbé e jáde nínú ìwé ìrìn àjò rẹ̀ ní 1790. Ọtí tí wọ́n fi pa òkú ọ̀pọ̀lọ́ náà mọ́ ti bó àwọ̀ ewé ara rẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́ àwọn onímọ̀, ó ti di aláwọ̀ aró, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin ará, ẹni àkọ́kọ́ nínú ìran wọn tó lórúkọ ní London, inú ọtí ló wà nígbà tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó bá bọ̀ọ̀dá wa jó níbi ìgbéyàwó wọn ti mọ ohun tó pa àwọn méjèèjì pọ̀.

Ní Queensland tí í ṣe ilé rẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ yìí kì í dúró kí wọ́n pè é. Á wọ ilé onílé, á wọ táǹkì omi, á lọ sá pamọ́ sábẹ́ ẹnu àwo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí ẹni tó bá jókòó sórí rẹ̀ gba ti Ọlọ́run. Akọ rẹ̀ a tún wọ inú páìpù tí omi òjò ń gbà sọ̀ kalẹ̀, a kọrin níbẹ̀ lóru, torí páìpù ń bá a gbé ohùn sókè. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo ìyẹn. Kò san kọ́bọ̀. Ẹ wá wo ohun tí wọ́n ná lé e lórí ní Peckham.

Owó ọ̀pọ̀lọ́ fúnra rẹ̀ kò tó nǹkan, ilé rẹ̀ ni ń jẹ èèyàn. Gíláàsì tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 45 síwájú, 45 sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ga ní 60, torí igi ni wọ́n ń gùn ní ìran rẹ̀, kò nílò pápá ìṣeré. Ẹ̀ka igi nínú, ewé nínú, epo igi tí yóò sá sẹ́yìn rẹ̀ ní ọ̀sán, àwo omi tí kò jìn. Iná UVB lókè kí egungun rẹ̀ lè le. Hítà pẹ̀lú, tí wọ́n fi wáyà bò, nítorí bí ó bá lẹ̀ mọ́ ohun gbígbóná, ó lè dúró síbẹ̀ títí yóò fi jóná. Ẹ̀rọ kan sì gbọ́dọ̀ wà tí yóò máa pa hítà náà fúnra rẹ̀ bí ooru bá ti tó. Ní ọ̀sán, 24 sí 28 ni ìwọ̀n ooru tó bá a lára mu. Lóru, ó lè wálẹ̀ sí 20.

Ibí yìí ni kí ẹ bá mi dúró díẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá wa yìí kan náà ló máa ń dìde lóru lọ fi tọ́ọ̀ṣì wo mítà gáàsì. Ẹni tó bá fọwọ́ kan hítà ilé kí oṣù November tó parí, ìpàdé ẹbí ni. "Ẹ wọ súwẹ́tà." Gbólóhùn tí àwọn ọmọ wọn kọ́kọ́ gbọ́ ní Yorùbá nìyẹn, kódà wọ́n lè sọ ọ́ lójú oorun. Ìyá ìyàwó wọn wá kí wọn ní January, ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni màmá wọ̀ sùn, wọ́n fi gèlè di etí. Ní kọ̀rọ̀ pálọ̀ yẹn kan náà, ọ̀pọ̀lọ́ na ẹsẹ̀ sílẹ̀ nínú 28, ó di ojú. Ìyàwó wọn sọ fún mi lórí fóònù pé bí òtútù bá mú òun dé egungun, òun a lọ fi ẹ̀yìn ti gíláàsì. Mo bi wọ́n pé kí ni bọ̀ọ̀dá wí. Wọ́n ní bọ̀ọ̀dá ní kí àwọn rọra, kí àwọn má dí ọ̀pọ̀lọ́ lójú.

Ti omi tún wà. Omi ẹ̀rọ London ní kílórìn tàbí ẹ̀yà rẹ̀ kan tí kì í fò lọ bí ẹ bá tilẹ̀ gbé e kalẹ̀ sùn, àfi kí ẹ kán oògùn kan sí i tí yóò pa á. Ìdí tí kò fi ṣeé fojú fò ni pé ọ̀pọ̀lọ́ kì í fi ẹnu mumi. Ìdí àti abẹ́ ikùn ló fi ń mu ún: á lọ jókòó sínú àwo, awọ ibẹ̀ á máa fà á wọlé, pẹ̀lú ohun yòówù tó bá wà nínú omi ọ̀hún. Ẹ tún gbọ́dọ̀ máa fín omi sí ilé rẹ̀ kí atẹ́gùn ibẹ̀ má baà gbẹ. Bọ̀ọ̀dá wa ti pa òdòdó mẹ́rin tí ìyàwó wọn gbìn, òùngbẹ ló pa gbogbo wọn. Ní báyìí, agogo fóònù wọn ń dún láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́: "Omi Gbàdébọ̀." Àní wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ.

Gbàdébọ̀ náà kò sì ṣeé fọwọ́ kàn bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kábíyèsí ni. Awọ rẹ̀ tó ń fa omi yẹn náà ló ń fa ohun tó bá wà lọ́wọ́ yín, ọwọ́ Yorùbá sì rèé, ẹ̀yin náà mọ ohun tó ń wà níbẹ̀. Ọwọ́ tó fi òrí para láàárọ̀, tó fi Àboníkì ra orúnkún lọ́sàn-án, tó gé ata rodo nírọ̀lẹ́. Bí ọwọ́ yẹn bá kan ọ̀pọ̀lọ́, ìpàdé di iwájú Ọlọ́run. Bí ẹ bá ní láti gbé e, ẹ fi omi tí kò ní kílórìn ṣan ọwọ́ dáadáa, tàbí kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tí kò ní pọ́ńdà nínú, kí ẹ sì rẹ ìbọ̀wọ́ náà sómi. Lẹ́yìn náà, ẹ fọ ọwọ́ tiyín náà pẹ̀lú ọṣẹ, torí òun pẹ̀lú lè kó Salmonella ran yín. Ẹ̀rù ara yín gbọ́dọ̀ máa ba ara yín.

Ṣé ẹ ti jẹun? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé oúnjẹ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìrẹ̀, eéṣú àti aáyán lòun ń jẹ, ààyè ni gbogbo wọn gbọ́dọ̀ jẹ́. Aáyán. Mo mọ bọ̀ọ̀dá yìí ní Mushin. Mo mọ gbogbo oògùn tí wọ́n fín, bàtà tí wọ́n jù, èébú tí wọ́n bú aáyán. Wọ́n gba físà, wọ́n wọ bàálù, wọ́n sá fún aáyán dé òkè òkun, wọ́n wá ń fi káàdì ra á. Wọ́n ń dúró de pósítímáànù tó ń gbé e bọ̀! Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Ìrẹ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹun kí wọ́n tó jẹ ẹ́, kí oúnjẹ tó wà níkùn rẹ̀ lè ṣe ọ̀pọ̀lọ́ lóore. Nítorí náà, bọ̀ọ̀dá ń rẹ́ kárọ́ọ̀tì àti ẹ̀fọ́ fún ìrẹ̀, wọ́n á wá da gbogbo wọn sínú ọ̀rá pẹ̀lú ìyẹ̀fun kálísíọ̀mù àti fítámínì, wọ́n á gbọ̀n ọ́n títí gbogbo wọn yóò fi funfun. Ìrẹ̀ tó bá gùn ju àlàfo àárín ojú méjèèjì ọ̀pọ̀lọ́ lọ ti tóbi jù. Èyí tó bá sì ṣẹ́kù kò gbọdọ̀ sùn níbẹ̀, torí ìrẹ̀ a máa gé ọ̀pọ̀lọ́ jẹ lóru. Mélòó kan ti já. Ẹ̀yìn fíríìjì ni wọ́n ń gbé báyìí, wọ́n ń kọrin láti alẹ́ títí dàfẹ̀mọ́júmọ́, ìyàwó wọn ní ó kéré tán àwọn náà ń sọ nǹkan.

Fídíò tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ni mo fi ń jẹ́rìí sí ìyókù. Eéṣú kan rọra ń gun ẹ̀ka igi. Gbàdébọ̀ kò mira. Ó yí orí díẹ̀, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń gbọ̀n, ahọ́n sì jáde, pàá, gbogbo ara rẹ̀ sì tẹ̀lé ahọ́n. Ẹsẹ̀ eéṣú yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tì í wọlé bí àgbàlagbà tí ń jẹ iyán lójú àna. Ó wá di ojú méjèèjì, ẹyinjú rẹ̀ rì wọ inú orí pátápátá, torí ẹyinjú yẹn ló fi ń ti oúnjẹ sọ́nà ọ̀fun. Ó ṣí ojú, ó wo kámẹ́rà. N kò purọ́, mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tó bá tún bọ́ awọ ara rẹ̀, jíjẹ náà ni yóò jẹ ẹ́, kò ní fi ẹyọ kan sílẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin gan-an ni mo wá kọjú sí wàyí. Àgbà ọ̀pọ̀lọ́ kò gbọdọ̀ jẹun ju ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ń fún un lójoojúmọ́, ẹ ní ojú rẹ̀ ń bẹ yín. Ọ̀rá inú ara rẹ̀ kì í farasin: orí ojú ló ń kó sí, yóò máa wú, yóò máa rọ̀, títí yóò fi ṣíji bo ẹyinjú rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ iwájú adé. Lójú yín, ó ń dára sí i. Dókítà ẹranko ní ó ti sanra jù, wọ́n sì ń wo ikùn tiyín bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ẹ tilẹ̀ ṣe oríire láti rí dókítà tó mọ̀ nípa ọ̀pọ̀lọ́, torí ajá àti ológbò ni ọ̀pọ̀ wọn mọ̀. Òun ló yẹ kí èèyàn wá kó tó wá ọ̀pọ̀lọ́.

Ẹ tún ń wí pé ẹ fẹ́ ra ìkejì kó lè rí ẹni bá ṣeré. Eré wo? Bí ìkejì bá kéré sí i, gbígbé ni yóò gbé e mì. Bí wọn ò bá jọ tóbi, ẹ má dán an wò. Kí ẹ sì fi àlejò náà sí ọ̀tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ná, nítorí àrùn awọ kan wà tí wọ́n ń pè ní chytrid, èyí tí àwọn onímọ̀ fún lórúkọ ní 1999, tó ti pa ọ̀pọ̀lọ́ rẹpẹtẹ káàkiri ayé. Ọwọ́ ẹni tó ń bí wọn sílé ni kí ẹ ti rà á. Ẹ má sì da omi àwo rẹ̀ sí ọgbà.

Tí ó bá sú yín ńkọ́? Ẹ kò lè lọ jù ú sílẹ̀ ní páàkì: òfin 1981 tó dáàbò bo ẹranko ìgbẹ́ kò gbà kí ẹ tú ẹranko àjèjì sílẹ̀ ní ilẹ̀ wọn. Ẹ kò lè jẹ ẹ́. Ẹ kò lè rán an wá sílé, torí a ní tiwa lórí ewé létí odò, wọ́n sì ń kọrin láìgbowó.

Ohun tó ń dùn mí jù ni àìríṣẹ́ṣe rẹ̀. Láti àwọn ọdún 1930 lọ, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ omi kan wà ní Bírítéènì tí wọ́n kó wá láti South Africa. Wọ́n á gún abo wọn ní abẹ́rẹ́ ìtọ̀ obìnrin, bí ó bá yé ẹyin kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, obìnrin náà ti lóyún. Ìyẹn lọ̀pọ̀lọ́ tó dé ìlú òyìnbó tó níṣẹ́ lọ́wọ́. Gbàdébọ̀ ń ṣe kí ni? Ó ń sùn lọ́sàn-án. Lóru, bí ẹ bá tan ẹ̀rọ tó ń fa ìdọ̀tí, á dá a lóhùn.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ tún ń sọ pé ẹ ò ní lè wálé fún Kérésì. Aládùúgbò yín gbà láti máa fín omi, ó gbà láti máa wo hítà, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ ṣí ike aáyán, ó rántí pé òun náà ní ìrìn àjò. Bọ̀ọ̀dá, èmi ò níṣẹ́ ní December. Mo ti bá aáyán gbé láti kékeré, ọwọ́ mi kò ní gbọ̀n. Ẹ kọ̀wé físà sí mi. Ẹ ò ní láti wá yàrá fún mi, ẹ ṣáà tẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì sí kọ̀rọ̀ pálọ̀ yẹn. 28 yẹn á tó èmi náà.