Server Kú, Òróró Dé

Wọ́n da òróró àdúrà sórí server. Kì í ṣe àdúrà ló bí mi nínú. Ta ni kì í gbàdúrà nílùú tí iná ọba ti ń ṣe bó ṣe wù ú? Òróró ólífì gidi ni, odindi ìgò, tí wọ́n dà sójú ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọ inú ẹ̀rọ tí wáyà iná ṣì wà nídìí rẹ̀, tí wọ́n sì ní kó dìde bíi Lásárù. Ẹ̀rọ náà kò dìde. Ó kàn ń dán.

Ọ́fíìsì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ni. N kò ní dárúkọ ẹgbẹ́, torí owó mi ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Inú server yẹn ni gbogbo àkọsílẹ̀ wà: iye tí ìyá aláṣọ dá, iye tí tíṣà yá, iye oṣù tí oníbúlọ́ọ̀kù ti ń sá fún gbèsè. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n dé, server kò ṣí. Akọ̀wé káwọ́ lérí, ó bú sẹ́kún. Alága wọlé, kò tíì jókòó tó fi ní ọwọ́ ayé ni, ó pẹ́ tí òun ti ń lálàá ológbò. Ẹnì kan ní kí wọ́n mú akápò wá kó búra, ṣebí òun ló jáde kẹ́yìn lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹlòmíràn ti wà lórí fóònù pẹ̀lú oníṣòwò kan ní Computer Village, Ìkẹjà, ó ń béèrè èló ni tuntun. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, pásítọ̀ ti dé, aláàfáà náà sì ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀, kí wọ́n wá àgbò sílẹ̀.

Láti àárọ̀ ni ojú kọ̀ǹpútà tó so mọ́ server yìí ti ń tàn. Lẹ́tà funfun lórí ilẹ̀ dúdú, ọ̀rọ̀ ṣókí. Gẹ̀ẹ́sì ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú wọn. Alága kàwé gboyè lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó ń sọ ni pé: ẹ yọ díìsìkì tí ẹ kì bọ̀ mí lára, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì kan, kí n tún bẹ̀rẹ̀. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe sí ojú kọ̀ǹpútà náà? Wọ́n fi aṣọ bò ó kí òróró má baà ta sí i.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ọ̀rọ̀ àgbà ni: omijé kì í dí ojú tán. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó sọ ọ́ kò bá wa dé ọ́fíìsì. Níbẹ̀, ojú la kọ́kọ́ ń dì kí ẹkún tó bẹ̀rẹ̀, kí ìran má baà ba ẹkún jẹ́.

Díìsìkì wo ni ẹ̀rọ ń sọ? Fíláàṣì kékeré kan ni. Ẹnì kan tí gbogbo wa mọ̀, tí a kò sì ní dárúkọ, ló kì í bọ ẹ̀yìn server lọ́jọ́ Ẹtì láti kó fọ́tò ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ síbi tó láyè jù nínú ọ́fíìsì. Ó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Lóru Àbámẹ́ta, NEPA múná lọ. (Láti 2005 ni wọ́n ti sin orúkọ NEPA, ṣùgbọ́n òkú náà kò yéé múná lọ.) UPS tó yẹ kó gba ẹrù náà kò mí, bátìrì rẹ̀ ti kú tipẹ́, ó ké, ó ké, títí wọ́n fi wá ibi tí wọ́n ti ń pa igbe rẹ̀. Nígbà tí iná padà dé, server jí fúnra rẹ̀, ó sì ṣe gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe pa á láṣẹ lọ́jọ́ tí wọ́n tò ó: kọ́kọ́ yẹ ojú ihò fíláàṣì wò kí o tó yẹ díìsìkì tìrẹ. Ó yẹ ibẹ̀ wò, ó bá ọkọ àti ìyàwó tí wọ́n ń gé kéèkì. Kò rí ohun tó lè fi dìde nínú ìyẹn. Ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sójú, ó ń retí ẹni tó máa kà á.

Wọ́n ní ayé ló ṣe é! Ilé-iṣẹ́ iná fúnra rẹ̀ ti fi Ṣàngó ṣe ẹlẹ́rìí láti 1964, ère tí Ben Enwonwu ṣe, tó dúró níwájú olú ilé-iṣẹ́ wọn ní Marina l'Ékòó. Ṣàngó ti ń wo ọ̀nà láti ọjọ́ náà, kò sì tíì bá ẹnikẹ́ni ra bátìrì UPS.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹ̀rọ yìí ò yadi. Kí kọ̀ǹpútà tó ṣí, ó máa ń yẹ ara rẹ̀ wò látorí títí dé ẹsẹ̀, ó sì máa ń ròyìn. Èyí tí IBM gbé jáde ní 1981, bó bá ké pí lẹ́ẹ̀kan ṣókí, àlàáfíà ni. Bó bá ké lọ́nà mìíràn, ó ní ibi tó ń dùn ún. Títí dòní, olúkúlùkù àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ló ní igbe tirẹ̀, ìwé tó bá ẹ̀rọ wá ló sì ń túmọ̀ rẹ̀. Ìwé tiwa wà nínú páálí. Páálí wà lábẹ́ búrẹ́dì ìyá tó ń tajà lẹ́nu géètì.

Mo tún rí ọ́fíìsì kan tí ó sàn díẹ̀ ju tiwa lọ, torí wọ́n ní ẹ̀rọ tó le. Díìsìkì mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì tò ó lọ́nà tó jẹ́ pé bí ọ̀kan bá kú, àwọn yòókù á gbé ẹrù rẹ̀. Bí èkejì bá tún kú kí wọ́n tó rọ́pò ti àkọ́kọ́, ìsìnkú ló kù. Ọ̀kan kú. Ẹ̀rọ tan iná olómi ọsàn níwájú rẹ̀, iná náà ń ṣẹ́jú tọ̀sán-tòru, ó ń dí ọ̀gá lójú. Wọ́n wá sítíkà tó ní ọdún yìí lọdún ayọ̀ mi, wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ kan náà ní ibi méjì tó ti ń gba iná, kí ọ̀kan lè gbà á bí èkejì bá bàjẹ́. Wọ́n ki méjèèjì bọ extension kan ṣoṣo.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ tálákà ni. Ní 19 oṣù Keje 2024, fáìlì kan tí CrowdStrike, ilé-iṣẹ́ tó ń dáàbò bo kọ̀ǹpútà, fi ránṣẹ́ sáwọn oníbàárà rẹ̀ dá kọ̀ǹpútà Windows tí Microsoft fojú bù sí 8,500,000 dùbúlẹ̀. Ọkọ̀ òfuurufú dúró, ilé ìwòsàn dàrú. Àwọn náà sunkún, ẹkún gidi. Ṣùgbọ́n ojú kọ̀ǹpútà tó di búlúù dárúkọ ibi tó ti ṣubú, wọ́n kà á, wọ́n fi ọgbọ́n ṣí ẹ̀rọ láàbọ̀, wọ́n pa fáìlì ọ̀hún rẹ́. Microsoft tiẹ̀ sọ fáwọn kan pé kí wọ́n máa pa á kí wọ́n máa tàn án, ó lè tó ìgbà 15. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n wá àgbò.

Lọ́dọ̀ tiwa, ẹnì kan ka ojú kọ̀ǹpútà. Àgùnbánirọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa ni. Ó ti kà á láàárọ̀, ó sì sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó ní ká yọ nǹkan kan." Alága ní, "Kọ́pà, ṣé o mọ̀ ju pásítọ̀ lọ ni? Lọ ra omi wá fún wọn." Ọmọ náà lọ ra omi. Nígbà tí gbogbo wọn jáde lọ jẹun, ó ṣí aṣọ, ó yọ fíláàṣì, ó tẹ bọ́tìnnì. Server dìde tòun ti òróró lára.

Wọ́n padà dé, ariwo ayọ̀ sọ. N kò lè kórìíra alága mi. Ọkùnrin náà jó débi pé fìlà rẹ̀ jábọ́, ó sì ń sunkún pé owó àwọn opó kò ṣègbé. Kọ́pà kò sọ nǹkan kan. Wọ́n bu owó fún pásítọ̀, wọ́n fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí aláàfáà. Kò sẹ́ni tó bẹ akápò.

Ní ìpàdé oṣù tó tẹ̀lé e, ẹgbẹ́ fọwọ́ sí owó màlúù ìdúpẹ́. Wọ́n ní ti bátìrì UPS, kó di ọdún tó ń bọ̀.